Ilẹ̀ Ti Ń Mì Kí Ọkọ̀ Tó Dé

Inú kòtò ni tésàn rélùwéè Woolwich Dockyard wà. Ihò ilẹ̀ kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, pèpéle tí èrò ń sọ̀ sí sì há sáàárín àwọn méjèèjì, ó kúrú débi pé ọkọ̀ tó bá gùn jù kò ríbi gba gbogbo ara rẹ̀. Láti 1849 ni tésàn náà ti wà. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ara ògiri lèèyàn á ti kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bíríkì rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n wìnnìwìnnì bí ara ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Ó dìgbà díẹ̀ kí ariwo tó dé, ẹ̀yìn ariwo ni iná orí ọkọ̀ á tó yọ láti inú òkùnkùn.

Bàbá Abẹ́òkúta ló fi èyí hàn mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí a jọ rìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Woolwich yìí ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láti 1971 sí 1975, wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣe iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà. Ìyá Abẹ́òkúta, ìyàwó wọn, ni wọ́n tẹ̀lé wá lọ́tẹ̀ yìí, torí ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé nínú àwọn ilé Dockyard bímọ, ìyá sì wá wẹ ọmọ fún un. Bàbá kò rí nǹkan kan ṣe nílé ọlọ́mọ. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé ni wọ́n pè mí lórí fóònù: “Wá mú mi rìn. Mo fẹ́ rí bí ibẹ̀ ṣe wà báyìí.”

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ́kàn tí mo fi tètè gbà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń ka ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, ẹ́ńjíníà tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, tó sì kó ẹrù rẹ̀ padà sí Èkó lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ nílùú yìí, South Kensington ló yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti kàwé kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí mo ń wá ni nǹkan tó yẹ kó bá nílé nígbà tó dé, tí kò bá. Mo rò pé mo lè fojú rí nǹkan náà ní Woolwich Dockyard, torí ọdún 357 gbáko ni ìlú kan fi jókòó sẹ́bàá odò níbẹ̀, tó ń sọ ìmọ̀ di ọkọ̀.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí Woolwich Church Street. Títì ńlá ni, lọ́rì kì í dá níbẹ̀. Lódìkejì ni ẹnu ọ̀nà ọgbà ìkankọ̀ àtijọ́ wà, wọ́n gbẹ́ ìdákọ̀ró sára òpó òkúta rẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa ìdákọ̀ró náà bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti jọ pínyà tipẹ́.

“Nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́,” ni wọ́n wí, “ilé ìkẹ́rùsí lọ́tùn-ún, ilé ìkẹ́rùsí lósì ni. Wọn ò tíì parí ilé táwọn èèyàn ń gbé yìí.”

Òótọ́ ni. Nígbà tí ìjọba ọba ti ọgbà náà pa ní 1869, àwọn ológun gbà á, wọ́n ń kó ẹrù sí i, ó di àwọn ọdún 1970 kí ìjọba ìbílẹ̀ tó kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló kún àwọn ilé náà báyìí. Ní iwájú Clock House, ilé aláago tí wọ́n kọ́ láyé àwọn ọdún 1780, tó ti di gbọ̀ngàn àdúgbò, a bá àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń já kúlà ìrẹsì sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ti wé gèlè, wọ́n wọ kóòtù lé ìró àti bùbá torí òtútù. Èyí tó kéré jù nínú wọn rí Bàbá, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta tó tutù yẹn, pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. “Ẹ káàárọ̀ sà.” “Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ìnáwó yín á dára.” A kọjá lọ, òórùn ata díndín sì ń bá wa bọ̀ lẹ́yìn.

Etí odò ni mo ń kánjú àtidé. Kòtò ńlá méjì wà níbẹ̀, òkúta ni wọ́n fi mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, omi aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ń lúwẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan jókòó lórí àga kékeré, ó ju ìwọ̀ sómi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi. Bí omi odò Thames bá kún, wọ́n á fa ọkọ̀ wọ inú kòtò, wọ́n á ti ẹnu kòtò pa, wọ́n á wá fa omi rẹ̀ gbẹ. Ọkọ̀ tó tóbi tó ilé á wá dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á fi igi ti ìhà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí káfíńtà àti alágbẹ̀dẹ lè rí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, omi á wọlé, ọkọ̀ á léfòó.

Bàbá tọ́ka sí ìpele òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Wò ó. Orí èyí lẹni tó ń kan pákó ẹ̀gbẹ́ á dúró. Orí tìsàlẹ̀ lẹni tó ń dí àlàfo á dúró. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dí ẹnì kejì lọ́wọ́.”

Láti 1512 ni ọgbà náà ti wà. Ọba Henry kẹjọ ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè kan ọkọ̀ ogun ńlá kan fún un, Henry Grace à Dieu. Inú ọgbà yìí ni wọ́n ti kan Sovereign of the Seas tó bọ́ sómi ní 1637, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kan Beagle ní 1820, ọkọ̀ tó gbé Charles Darwin yí ayé ká. Ìwọ̀nyí ni wọ́n máa ń kọ sára pátákó fún àlejò. Ọkọ̀ kan wà tí èmi kò rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó kankan, òun ló sì kàn wá jù.

Sampson ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ogun onísítíìmù ni, tí àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá ń wa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1844 ni wọ́n tì í sómi ní Woolwich. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, ó wà nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ òyìnbó tó kógun wá bá Èkó, Lewis Jones tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló sì ṣáájú ogun náà wọ ọ̀sà. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n dá Akítóyè padà. Ogun Àgídìńgbì ni àwọn ará Èkó sọ ọ́, torí ìró àgbá tí kò jẹ́ kí ilé sinmi. Àgbá irin méjì ṣì wà létí odò níbi tí a dúró sí, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ti máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Mo sọ ìtàn Sampson fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo omi.

“Ibí ni wọ́n ti kàn án?”

“Ibí ni, sà.”

“Mo fi ọdún mẹ́rin kọjá níbí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yẹn ju ogun lọ. Àwọn ará Èkó jà dáadáa lọ́dún náà, wọ́n ní ìbọn, wọ́n ní àgbá, wọ́n ní akọni. Ohun tí wọn kò ní ni ọgbà bí irú èyí. Bí àgbá wọn bá fọ́, ó fọ́ náà nìyẹn, àfi kí wọ́n ra òmíràn lọ́wọ́ oníṣòwò. Bí ẹ̀rọ Sampson bá bàjẹ́, ó ní ibi tó ń padà sí.

Ibi tó ń padà sí náà ni a rìn lọ wò. Ó ṣì ku ọ̀pá èéfín bíríkì kan nítòsí Ruston Road, ó ga fíofío, kò sí iná nísàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ sítíìmù ọgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń rọ bọ́ílà, tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun ṣe. Nígbà tí sítíìmù dé, káfíńtà nìkan kò tó mọ́. Wọ́n nílò ẹni tó mọ irin, ẹni tó mọ ìṣirò, ẹni tó lè ya àwòrán ẹ̀rọ sórí bébà kí ẹlòmíràn sì kà á. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi rí i pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Ní 1843 wọ́n pàṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ọgbà ọkọ̀ ọba fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó ń fi òòlù kan ìṣó lọ́sàn-án á fi apá kan àkókò rẹ̀ kọ́ ìṣirò. Láti inú wọn ni àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ogun lẹ́yìn náà ti jáde, ọmọ káfíńtà, ọmọ alágbẹ̀dẹ.

Mo dúró lábẹ́ ọ̀pá èéfín yẹn, mo ronú kan Awójọbí.

Òṣòdì ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta 1937. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú, ọ̀gá tésàn ni nínú iṣẹ́ rélùwéè. Mọdákẹ́kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ọmọ tésàn ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ tó bá dàgbà létí ojú irin á mọ bí ife tánganran ṣe ń jó lórí tábìlì kí ọkọ̀ tó kọjá. Ó lọ sí St. Peter's ní Fàájì, ó lọ sí CMS Grammar School, ó sì mókè nínú iṣẹ́ mẹ́jọ nígbà ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ní 1955. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Zaria, ó sì gba oyè ìpele kìn-ín-ní ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ ní 1962. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá sí Imperial College.

Kí ló wá kọ́? Ìmìtìtì ẹ̀rọ lórí ilẹ̀ ni. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kalẹ̀, ẹ tàn án. Òun nìkan kọ́ ni yóò máa mì. Ilẹ̀ tó jókòó lé á mì pẹ̀lú rẹ̀, torí ilẹ̀ máa ń sún kì, á sì padà sípò, bíi tìmùtìmù. Á gba ìmì náà, á rán an lọ jìnnà, á sì dá díẹ̀ padà sára ẹ̀rọ. Bí ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń mì bá lọ bá ti ilẹ̀ mu gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangílọ́fà, tó ń tì í ní àsìkò tó yẹ: títì kékeré á máa gbé ọmọ lọ sókè sí i. Bó ṣe ń lé kún nìyẹn títí bóòtù á fi tú, tí kọnkéré á fi là. Béèyàn ṣe lè fi ìṣirò mọ èyí kí wọ́n tó da kọnkéré sílẹ̀ rárá, òun ni Awójọbí gbájú mọ́. Ní 1965 òun àti olùkọ́ rẹ̀, Peter Grootenhuis, gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Royal Society. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni.

Ìlú tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ilé, ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ iyanrìn àti ẹrẹ̀ ọ̀sà, ibẹ̀ ni ìmọ̀ yìí wúlò sí jù. Mi ò gbà rárá pé ṣe ló fi ayé rere sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ló lọ.

Ó padà ní 1966. Lọ́dún yẹn àwọn ológun gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Inú rúkèrúdò yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní “Dead Easy”. Ní 1974, Lọ́ńdọ̀nù tún pè é padà, wọ́n fún un ní DSc, oyè tí wọ́n ń fi àkójọ iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún gbà, tí kì í ṣe ti ìdánwò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni nígbà náà. Ó gbà á tán, ó tún padà sí Akọka, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìrìn mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, àìmọye mọ́tò ni sítíárìn rẹ̀ wá wà níbi tí kò yẹ. Awójọbí tú Opel Olympia Rekord tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń gùn, ó sì gbé sítíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ẹni tó bá ti dúró rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mọ ohun tí mò ń wí: kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí wọ́n kàn gbé sítíárìn sọdá. Ó tún mú jíìpù kan, irú ti ológun, ó ṣe sítíárìn kejì sí ìdí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi ń lọ síwájú ló lè fi lọ sẹ́yìn. Autonov 1 ló pè é. Mọ́tò tí kò ní í wá ibi tó máa yí sí. Ẹ rò ó wò nínú kọ̀rọ̀ Mùṣin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ọkọ̀ méjì ti pàdé tí ẹnì kan kò fẹ́ yẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ohun tí mo wá bá ní Woolwich nìyí. Nígbà tí Autonov 1 rìn, ta ló kàn láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Níbí, bí ẹnì kan bá ya àwòrán ọkọ̀ tuntun, àwọn tó ń rọ irin wà ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan, àwọn tó ń lọ okùn wà, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà tí wọ́n á ṣe èkejì, ẹ̀kẹta, ìkẹwàá, tí wọ́n á rí àṣìṣe ti àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ni ẹni tó ń ronú, òun ni ẹni tó ń ya àwòrán, òun náà ni mẹkáníìkì. Mọ́tò náà kò di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. A bọlá fún un, ìyẹn dá mi lójú. Ère rẹ̀ wà ní Oníkè, ní Yábàá. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹta 2018, Google fi àwòrán rẹ̀ sójú ewé wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo fi han gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Ṣùgbọ́n ère kì í gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí a bá ń sọ pé kí àwọn ọmọ wa tó kàwé lókè òkun padà wálé, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí wọn ó gbé irinṣẹ́ wọn lé pẹ̀lú.

Bàbá Abẹ́òkúta gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n fi nu ojú, wọ́n dé e padà.

“A máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n,” ni wọ́n wí. “Mastermind. Òun ló ń bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè. Ilé á dákẹ́.” Wọ́n rìn díẹ̀. “Ṣé o mọ iṣẹ́ tí mo padà sí?”

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ omi ni, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lórí ìjókòó onígi kan létí odò, wọ́n ń fi ìka yà á sórí itan wọn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ni, wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń fa omi láti odò lọ sí ìlú. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ ní 1976, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan tún wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ irin wà nínú rẹ̀, tuntun ni, gírísì tí wọ́n fi kó o wá láti òkè òkun ṣì wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan. Ọdún kẹta, bíárìn ẹ̀rọ kan jẹ. Bàbá ní àwọn lè gbẹ́ bùṣì tí wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀ fúngbà díẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní rárá, àfi kí wọ́n kọ̀wé sí ìlú òyìnbó. Oṣù mẹ́jọ ni ìwé náà lò. Nígbà tí bíárìn fi dé, ẹ̀rọ kejì ti kú.

“Mo ń gbọ́ ọ,” ni Bàbá wí. “Kí bíárìn tó jẹ, á ti máa ké. O ò ní í gbọ́ ọ létí. O fi sìkírúù-dẹ̀rẹ́fà kan irin, o fi eyín di ìdí rẹ̀ mú, o gbọ́ ọ nínú agbárí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn: ẹ̀rọ kẹta ń bọ̀ wá kú. Mo kọ déètì. Déètì yẹn fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí nǹkan náà ṣì ń dùn.

Wọ́n ta ẹ̀rọ ìgbẹ́rin náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, pẹ̀lú gírísì tí ẹnikẹ́ni kò nù kúrò lára rẹ̀. Bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Wọ́n ti kúrò, wọ́n ti fi owó àjọ ra ẹ̀rọ kan tó ti gbó, wọ́n gbé e sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé wọn ní Abẹ́òkúta. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù yẹn láti kékeré: òórùn ọ́ìlì, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ká kúrò lára ọ̀pá bí èèpo ọsàn, àti àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì nírọ̀lẹ́, tí Bàbá ń fi ẹfun kọ ìdámẹ́wàá àti ìdá ọgọ́rùn-ún sára pátákó fún wọn. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ya àwòrán nǹkan kan, kí ó gbẹ́ ẹ, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ mìíràn gbẹ́ èkejì láti ara àwòrán náà nìkan, láìbi í ní ìbéèrè kankan. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé Woolwich ni mò ń wò.

Omi ti ń fà. Ẹrẹ̀ dúdú yọ létí odò, ẹyẹ ń ṣa nǹkan jẹ lórí rẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó pa ọgbà náà. Ọkọ̀ ń tóbi sí i, ìdí rẹ̀ ń jìn sí i, odò sì ń kún fún ẹrẹ̀ níbí. Nígbà tó di 1869 kò wúlò fún wọn mọ́. Lápá òkè odò, orí fàdákà àwọn òpó Thames Barrier ń dán. Ilẹ̀kùn mẹ́wàá ni, wọ́n fi ń dènà omi òkun kí ó má baà bo Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Karùn-ún 1984 ni ọbabìnrin ṣí i. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Awójọbí kú, ó ku oṣù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Títí dé òpin ló ń kọ̀wé, tó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, tó ń lọ sí kóòtù lórí bí wọ́n ṣe ń náwó ìlú àti bí wọ́n ṣe ń dìbò. Àwọn kan ní ìṣèlú ló gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èmi rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan náà ni. Ó gbọ́ bíárìn tó ń ké, ó sì kọ déètì sílẹ̀ fún wọn.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà ní Plymouth ní 1890, ó padà sí Èkó ní 1893, ó di awọnlẹ̀ ìjọba. Ọdún márùn-ún péré ló lò nídìí iṣẹ́ náà kí ó tó kọ̀wé fi í sílẹ̀. Ìmọ̀ ilẹ̀ wíwọ̀n yẹn wà lára ohun tó gbé e dúró nígbà tó tẹ̀lé Olóyè Olúwa wá sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, tí ìgbìmọ̀ ọba sì dá Olúwa láre ní 1921.

A rìn gba ibi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń gbé èrò sọdá odò, a wọ inú ìlú Woolwich. Mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Powis Street mọ̀ ọ́n. Ilé sinimá ńlá méjì tó kọjú síra ti di ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ nínú ìjọ méjèèjì. Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, Yorùbá lẹ́nu ẹni tó ń pè láti orí bọ́ọ̀sì Thamesmead. Níwájú ilé Polytechnic àtijọ́, Bàbá dúró. Láti ọdún 1890 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìrọbọn ló sì ń wá kàwé níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí wọ́n bá ṣíwọ́. Thames Polytechnic ló ń jẹ́ láyé Bàbá. Láti 1992 ó ti di Yunifásítì Greenwich, wọ́n sì ti kó lọ síbòmíràn. Bàbá ka fèrèsé láti apá ọ̀tún. Wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan.

“Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìgbẹ́rin.”

Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì bi wọ́n.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a fi padà dé tésàn Dockyard. Bàbá ní àwọn máa sìn mí dé orí pèpéle, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, wọn kò gbọ́. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ aṣọ bọ́ọ̀lù, ó ń wo fóònù. Ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ wa. Bàbá kí i, ó yọ nǹkan etí rẹ̀ kúrò, ó ní “Good afternoon, sir,” ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí àwọn tí wọ́n bí síbí ṣe máa ń ṣe é.

“Ìgbà wo ni ọkọ̀ ń bọ̀?” ni Bàbá bi í.

Ọmọ náà gbójú sókè wo pátákó oníná. “Ìṣẹ́jú mẹ́rin, sir.”

Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ara bíríkì, wọ́n gbé tiwọn lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà wò mí, mo mi orí fún un. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́. Pátákó ṣì ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí mo rí i tí ojú ọmọ náà yí padà, tó yára wo ògiri, tó tún wo ẹnu ihò tó dúdú.

“Ó ń bọ̀,” ló wí.